Agolo Bisikíìtì Ilé Eck Noble

Ní Portlarrick, ìlú apẹja kan létí òkun, ẹni tó bá mọ nọ́ńbà ọkọ̀ apẹja tí o fi jẹun nígbà tí ara rẹ ṣì le, ó ti mọ bó ṣe máa wọ ilé rẹ. Àpótí irin kékeré kan máa ń wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àwọn arúgbó. Kọ́kọ́rọ́ ilé ló wà nínú rẹ̀, àfi kí o tẹ nọ́ńbà kó tó ṣí. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní kí kálukú yan nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò ní lè rò ó kàn. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́, gbogbo wọn sì yan nọ́ńbà ọkọ̀ wọn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àwọn ẹyẹ òkun tó ń bà lórí òrùlé gan-an mọ̀ ọ́n.

Ti Eck Noble ni mẹ́ta, mẹ́fà, méjì. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Senga Mutch fi ń tẹ̀ ẹ́ ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀, ìbáà jẹ́ yìnyín, ìbáà jẹ́ ìjì, pẹ̀lú ìka tó ti wọ́ látàrí ẹja lílà. Nítorí pé ilé ẹja ni Senga ti bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó kúrò níléèwé, tó gba ọ̀bẹ, tó ń la ikùn ṣáwá láti òwúrọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi kú. Nígbà tí ẹja tán lókun tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ káńsù, pé kó máa lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn.

Iṣẹ́ náà ṣe é mọ̀ nígbà yẹn. Bí ilé bá dọ̀tí, gbá a. Bí iná bá kú, dá a. Bí ìyá arúgbó bá ń sunkún, jókòó tì í. Ní báyìí, fóònù ló ń sọ fún Senga ibi tí yóò lọ àti iye ìṣẹ́jú tó máa lò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ti Eck Noble. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti wẹ ojú àgbàlagbà, wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, kí o sì rí i pé ó jẹun tán. Ẹ̀yin gan-an, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ọkọ̀ kan náà ni Eck àti Dod, bàbá Senga, jọ fi ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí Senga fi ń pè é ní Ọ́ńkù. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Àtọ̀gbẹ ti mú ìka ẹsẹ̀ méjì lọ, ó sì ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì mú ẹnu.

"Ta nìyẹn?" á máa ké láti orí àga rẹ̀.

"Olè ni," Senga á dáhùn. "Mo wá jí ọ́ọ̀tì yín sè."

"Wo inú kọ́bọ́ọ̀dù dáadáa, ọmọge. Bí o bá rí ohun gidi kan níbẹ̀, ká jọ pín in."

Ọmọge ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta! Senga á rẹ́rìn-ín, á gbé ìkòkò kaná.

Kí Senga tó dé, nọ́ọ̀sì àdúgbò á ti dé. Rona Duthie lorúkọ rẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òun ló ń gún Eck ní abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ ní aago mẹ́jọ. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ohun eré. Bí wọ́n bá gún un tán, oúnjẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kíákíá. Bí oúnjẹ kò bá tẹ̀ lé e, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, òógùn á bo èèyàn, ara á máa gbọ̀n, orí á dàrú, ẹni náà á sùn lọ, ó sì lè má jí mọ́. Rona kò gbọ́dọ̀ se oúnjẹ, iṣẹ́ ìlera ni tirẹ̀. Senga kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ni tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Láàárín aago mẹ́jọ sí aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ̀mí Eck Noble máa ń wà lójoojúmọ́ ayé.

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí," á ní, "ọ̀kan ń gún mi, ọ̀kan ń bọ́ mi. Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé mi, ó ń ṣe méjèèjì, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù kó tó ṣe é."

Fáìlì méjì ló wà nínú ilé náà. Aláwọ̀ búlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ti àwọn nọ́ọ̀sì nìyẹn. Pupa wà ní ilé ìdáná, ti àwọn Senga. Ẹni tó ń kọ sínú búlúù kì í kọ sínú pupa. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má kà á, ṣùgbọ́n ta ló ní àyè? Ìyókù sì wà nínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ti ọsibítù kì í bá ti káńsù sọ̀rọ̀, bí ọbàkan tó ń jà sí ilé bàbá wọn.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà kan, Senga dé, ó bá Eck tó ti rẹ gbindin fún òógùn, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ó da ṣúgà sínú tíì, ó fi ṣíbí rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi là. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró de Rona lẹ́nu ọ̀nà.

"O gún un ní aago méje kù ìṣẹ́jú márùn-ún lánàá, o kò sọ fún mi?"

"Obìnrin kan ń kú lọ ní abúlé kejì, Senga. Mo ní láti ti ibí bẹ̀rẹ̀. Mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì."

"Fáìlì tìẹ."

"Fáìlì tèmi náà ni mo ní! Àbí kí n máa kọ ọ́ sára ògiri ni?"

Àwọn méjèèjì bojú wo ògiri náà lóòótọ́. Ẹ̀rín pa wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù bà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Senga ra ìwé ọmọléèwé kan, èyí tó ní ẹ̀yìn àwọ̀ ewé. Ó fi sínú agolo bisikíìtì Eck, ó gbé agolo náà sórí pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sì fi kálàmù kọ "RONA ÀTI SENGA" gàdàgbà sórí ìdérí rẹ̀. Ó fi bisikíìtì mẹ́rin sórí ìwé náà, ó di ọwọ́ Eck mú, ó fi kan agolo náà.

"Ọ́ńkù, bí ara bá ń gbọ̀n yín tí ẹnikẹ́ni ò sí níbí, ibí ni kí ẹ na ọwọ́ sí. Ẹ má wá nǹkan mìíràn. Ibí."

"Ṣé kí n jẹ ìwé náà mọ́ ọn?"

Ọdún méjì ni wọ́n fi kọ ìwé yẹn. "Senga, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo máa dé lọ́la." "Rona, kò jẹ ju ìdajì lọ lónìí, ó ní ikùn ń dùn ún." "Senga, mi ò sí níbí lọ́jọ́ Ẹtì, Kirsten ni, mo ti sọ fún un kó wo inú agolo." Àwọn tó ń dípò Rona mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń dípò Senga mọ̀ ọ́n. Kò tún sí òwúrọ̀ kankan tí òógùn bo Eck Noble mọ́. Òun fúnra rẹ̀ á máa na ọwọ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti jí bisikíìtì kan jẹ, á ní òun ń dán ọ̀nà wò ni.

Ó nídìí tí Senga fi di ọ̀rọ̀ yìí mú. Ọsibítù ni ìyá rẹ̀ kú sí. Ìdí ni ìyá náà fi ṣubú, eegun sì jinná. Dókítà ní ó lè máa lọ sílé. Ọsibítù ní ó di ìgbà tí káńsù bá rí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Káńsù ní ọsibítù kò tíì fi ìwé ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n fi gbá a bí bọ́ọ̀lù, tí ẹ̀wù òtútù ìyá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ó ń retí. Ibẹ̀ ni òtútù àyà ti mú un. Ní gbogbo àkókò yẹn ẹnikẹ́ni kò ṣe búburú sí i. Kálukú ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán.

Nígbà tó wá di oṣù Bélú, lẹ́tà dé. Àwọn ìnsìpẹ́tọ̀ ìjọba ń bọ̀ láti olú ìlú. Wọ́n fẹ́ wá wo bí iṣẹ́ ìlera àti iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ṣe so kọ́ra ní gbogbo agbègbè náà, wọ́n á sì fún un ní máàkì bí ọmọ iléèwé, láti orí "kò dára rárá" dé orí "ó tayọ".

Elspeth Geddes, ọ̀gá Senga, pe gbogbo wọn jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Elspeth, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ti gba oorun lójú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o. Wọ́n lè wọ ilé èyíkéyìí. Tí wọ́n bá rí ohunkóhun tí kì í ṣe fáìlì ìjọba, ìwé pélébé lára fíríìjì, orúkọ aláìsàn nínú ìwé kíwèé, wàhálà ni. Àṣírí àwọn èèyàn ni. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí gbogbo irú ẹ̀ ti kúrò."

Senga na ọwọ́ sókè. "Tó bá wá jẹ́ pé ìwé yẹn làwọn nọ́ọ̀sì ń kà ńkọ́?"

"Àwọn nọ́ọ̀sì ní fáìlì tiwọn." Elspeth tẹjú mọ́ ọn. "Senga, ṣé o ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé ẹnì kan ni?"

Ojú gbogbo wọn yí sí i. Àwọn mẹ́ta tó jókòó sẹ́yìn mọ agolo yẹn dáadáa. Wọ́n sorí kọ́, wọ́n ń wo bàtà wọn.

"Mo kàn bèèrè ni," Senga ní.

Elspeth wá pín káàdì kékeré kan fún wọn. Ohun tí wọ́n lè sọ bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ló wà níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni: "A jọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí à ń tọ́jú ló sì wà láàárín wa."

"Ọ̀rọ̀ yìí mà dùn o," obìnrin kan ní lẹ́yìn. "Ta ló ń ṣe é?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Elspeth náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Senga pe Rona lórí fóònù. Wọ́n ti sọ ohun kan náà fún Rona lọ́dọ̀ tiwọn.

"Gbé e kúrò, Senga. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ká máa pe ara wa."

"O ò ní sí nílé. Ṣebí ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú màmá ẹ?"

"Mo máa sọ fún ẹni tó bá dípò mi. Má dààmú ara ẹ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Senga kó bisikíìtì kúrò nínú agolo, ó tò ó sínú àwo kékeré kan, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè ibi ìfọwọ́. Agolo yẹn gan-an kò ṣe é fi sílẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Ó di ọwọ́ Eck mú, ó fi kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ibí ni bisikíìtì wà báyìí o, Ọ́ńkù. Kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mọ́. Ibo ni?"

"Òkè ibi ìfọwọ́. Ojú mi ló fọ́, orí mi ò fọ́. Kí lo fẹ́ fi agolo mi ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ fọ̀ ọ́."

"Ọdún méjì tó fi dọ̀tí, ìnsìpẹ́tọ̀ ló wá jẹ́ kí o rí i." Ó mi orí. "Bàbá ẹ náà nìyẹn. Tí ọ̀gá èbúté bá ń bọ̀, á kun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀dà. Omi ṣì ń wọlé lábẹ́."

Senga gbé agolo náà sínú báàgì. Ó ní bí àwọn ìnsìpẹ́tọ̀ bá ti lọ tán, òun á dá a padà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé nígbà tí ọjọ́ Ajé tí àwọn ìnsìpẹ́tọ̀ dé pé, fóònù iṣẹ́ Senga dún. Wọ́n ti mú un mọ́ àwọn tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ ààbọ̀. Senga pe Gavin, ẹni tó ń pín ilé fún wọn.

"Ta ló máa lọ sílé Eck Noble lọ́la?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Senga, mo ti rí ẹni tó máa bá yín lọ. Ọmọ tuntun kan láti ilé iṣẹ́ aládàáni ni."

"Ó dáa. Sọ fún un pé a kì í fi mílíìkì se ọ́ọ̀tì rẹ̀ o, omi àti iyọ̀ ni."

Ohun tó bèèrè nìyẹn. Kò bèèrè aago. Ká ní ìwé yẹn wà níbẹ̀ ni, ìwé ì bá béèrè fún un, nítorí aago ni Senga máa ń kọ́kọ́ kọ kó tó kọ ohunkóhun. Ọmọ tuntun yẹn ti ní ilé mẹ́fà tẹ́lẹ̀. Gavin fi Eck sí ìparí, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà káńsù, bó ṣe yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ibi tí yóò ti tẹ̀ ẹ́ sí ti ọsibítù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì tó dípò Rona dé ní aago mẹ́jọ kù ogún ìṣẹ́jú. Ó ṣí fáìlì búlúù. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé "oúnjẹ àárọ̀: olùtọ́jú ilé, 8:10." Rona ti sọ fún un kó yẹ agolo wò, ó kàn gbàgbé pé agolo ti lọ ni, màmá ẹni kì í wà lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ kí orí ẹni pé. Nọ́ọ̀sì náà wo ẹ̀gbẹ́ ààrò, kò rí agolo. Ó rò pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan ni. Ó gún Eck ní abẹ́rẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

"Oúnjẹ ń bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Noble."

"Ó máa ń bọ̀," Eck dáhùn.

Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, Senga jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú àwọn mẹ́rin mìíràn nínú yàrá kan tó móoru, tíì wà, kéèkì wà. Ìyáàfin Haldane ni ìnsìpẹ́tọ̀ tó wà níwájú wọn, obìnrin tó ní ojú àánú, tó ń fetí sílẹ̀ dáadáa. Elspeth jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Senga, ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí ju gbogbo wa lọ. Ẹ sọ fún mi bí ẹ̀yin àti àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe é. Ṣé ó so kọ́ra?"

Agolo náà wà nínú báàgì Senga lábẹ́ àga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn án. Ó rántí ìyá rẹ̀ àti ẹ̀wù orí àga. Ó rántí Rona àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lè gbà. Ó bojú wo Elspeth, ó sì la ẹnu.

"A jọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹnì kan ṣoṣo," ó ní. "Ẹni tí à ń tọ́jú ló sì wà láàárín wa."

Ìyáàfin Haldane rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Aago ara ògiri ń lọ sí mẹ́sàn-án.

Ọmọ tuntun yẹn ló bá Eck. Eck ti wó sórí eékún ní ilé ìdáná, ó fara ti ààrò. Àwo búrẹ́dì, àpò tíì, gbogbo ohun tó wà lórí pákó ló ti gbá dànù, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lókè, ó fi di etí pákó náà mú, ní ibi tí agolo máa ń wà. Kọ́bọ́ọ̀dù òkè ibi ìfọwọ́ kò jìnnà sí i ju ìgbésẹ̀ méjì lọ. Bisikíìtì mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ṣúgà bá ti lọ, orí kọ́ ló ń darí èèyàn mọ́. Ọwọ́ ni. Ọwọ́ sì lọ síbi tí wọ́n kọ́ ọ fún ọdún méjì.

Kò jí mọ́. Ó kú ní Ọjọ́bọ̀ ní ọsibítù, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Elspeth wá sílé Senga ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò jókòó.

"Mo ti wo fáìlì méjèèjì, Senga. Abẹ́rẹ́, wọ́n gún un, wọ́n kọ ọ́. Oúnjẹ, wọ́n gbé e wá ní aago tí wọ́n yàn, wọ́n kọ ọ́. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ṣàṣìṣe."

"Ṣé ẹ ti tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn?"

Elspeth ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Elspeth. Ẹ ka aago inú wọn sókè fún mi."

"Àwọn ìnsìpẹ́tọ̀ ń lọ lọ́la," Elspeth ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n lọ ná. Jọ̀ọ́."

Rona pe fóònù láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ sunkún fún ìgbà díẹ̀, Senga sì dúró dè é.

"O fẹ́ fi ìwé yẹn hàn wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọwọ́ mi ló kún inú ẹ̀. Wọ́n máa gba ìwé àṣẹ mi. Ọmọ méjì ni mo ní, Senga."

"Mo mọ̀."

"Ó ti kú. Ìwé ò ní jí i."

"Mo mọ ìyẹn náà, Rona. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ níṣojú mi, lásìkò tó ń na ọwọ́ sórí pákó." Ó fa agolo náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Mo máa ya gbogbo ibi tí o fọwọ́ sí kúrò. Tèmi nìkan ló máa kù."

Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó fi ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja gé gbogbo ojú ìwé tí ọwọ́ Rona wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹ́kù kò wá dún bí ọ̀rọ̀ mọ́. Ó dà bí obìnrin kan tó ń dá sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì: "Rona, ó ti jẹun." "Rona, ó dáa, mo gbọ́." "Rona, ṣé o máa pẹ́ lọ́la?" Orúkọ Rona wà káàkiri, àmọ́ kò sí ìlà kan tó fi hàn pé ó dáhùn rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé agolo náà sórí tábìlì Ìyáàfin Haldane. Obìnrin náà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Senga, èèyàn ọgọ́rùn-ún la mú láti fi ṣe àyẹ̀wò. Láti oṣù Ògún ni wọ́n ti mú orúkọ wọn. Ọ̀gbẹ́ni Noble kò sí nínú wọn."

"Ó wà nínú Portlarrick."

"Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ ikú, ọ́fíìsì mìíràn ló ń wò ó. Mo máa fi èyí ránṣẹ́ sí wọn. Mo ṣèlérí."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Irọ́ ni. Ẹ pa á rẹ́."

Ìyáàfin Haldane kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bóyá ìyẹn ni, bóyá kì í ṣe ìyẹn ni, Senga kò lè ka ọwọ́ rẹ̀ ní òdì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí Senga jókòó sílé ná. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kó kúkú máa jókòó lọ: ó ti kó àṣírí aláìsàn sínú agolo bisikíìtì, ó sì tún ya ìwé kó tó fi lé wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó pe Rona. Òun àti Senga bá ara wọn pàdé nígbà kan níwájú ilé búrẹ́dì, Rona sì sọdá sí òdìkejì títì, ó ń wá nǹkan kan nínú báàgì rẹ̀. Senga kọ̀wé béèrè agolo náà. Ọ́fíìsì àwọn ìnsìpẹ́tọ̀ ní àwọn ti fi ránṣẹ́. Ọ́fíìsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ní àwọn kò rí i gbà.

Oṣù Igbe ni ìwé àbájáde jáde. Ẹnì kan fi ọ̀kan sí ilé ìkàwé. Senga lọ síbẹ̀, ó fi ìka tó wọ́ tọ ìlà ọ̀rọ̀ lọ títí ó fi dé ibi tí máàkì wà: "Ó dára." Lábẹ́ rẹ̀, nínú àpótí kékeré aláwọ̀ omi aró, wọ́n kọ ọ́ lẹ́tà ńláńlá: "A jọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí à ń tọ́jú ló sì wà láàárín wa. — Òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́."

Ó pa á dé. Ó dá a padà sáàyè rẹ̀.

Ilé kẹta sí ti Eck ni Bella Watt ń gbé, opó, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni àtọ̀gbẹ mú òun náà dé ìdí abẹ́rẹ́. Fèrèsé Senga kọjú sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí mọ́tò nọ́ọ̀sì tó dé ní aago mẹ́jọ kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì rí i bó ṣe lọ. Ó dúró. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí ẹnikẹ́ni. Mẹ́jọ kọjá ogún, kò sí ẹnikẹ́ni. Senga gbé ṣọ́ọ̀lù bọrùn, ó sọdá títì, ó sì tẹ ọ̀kan, mẹ́jọ, márùn-ún, nọ́ńbà ọkọ̀ tí ọkọ Bella bá rì.

"Ta nìyẹn?" ìyá náà ké láti inú yàrá. "Ṣé káńsù ni?"

"Rárá o. Senga ni, ọmọ Dod."

"Ṣebí wọ́n ní wọ́n ti lé ẹ?"

"Wọ́n ti lé mi." Ó ti ń wá ìkòkò. "Ọ́ọ̀tì yín dà?"